Ọwọ́ Mi àti Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Ìjọba

Mo rántí ìgbà tí ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún mi kọ́kọ́ kọ̀ mí sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ni, nílé wa ní àdúgbò Ladjifarani ní Parakú. Mo gbé abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọkọ mi, tó ń múra láti lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, abọ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló dì í mú. N kò mọ ooru rẹ̀, n kò mọ ìgbà tó bọ́. Ìró rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ni mo gbọ́. Nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò wú, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e dà bí igi. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ìgbà tí ìjàlọ bá gun ènìyàn. Ọkọ mi ní òtútù ni. Èmi náà ní òtútù ni. Ọyẹ́ Parakú kì í ṣeré, ó máa ń la ètè àgbà bí ẹni la obì, nítorí náà a ti rí ẹni tí a ó di ẹ̀bi náà rù, a sì gbá ẹ̀kọ kúrò nílẹ̀.

Dákítílò ni mí nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ń pe obìnrin tó bá ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé ní bíró. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí. Mo kọ́ iṣẹ́ náà ní Kùtọnu, ìjọba sì gbé mi wá sí bíró kan ní Parakú, níbi tí àwa obìnrin mẹ́ta ti ń jókòó nínú yàrá kan, ẹ̀rọ mẹ́ta níwájú wa, fèrèsé kan lẹ́yìn wa. Ayé Ìyípadà ni, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba orílẹ̀-èdè wa, ayé tí gbogbo wa ń jẹ́ kámáráàdì, láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ọjọ́ kan tí ọ̀gá gbálẹ̀ kí ẹni tó ń gbálẹ̀ jókòó. Kò sí lẹ́tà tí kì í fi ọ̀rọ̀ ìjàkadì parí, ìbáà ṣe pé a fi ń béèrè fún ọṣẹ ìfọwọ́ ni. Mo ti tẹ gbólóhùn yẹn débi pé ọwọ́ mi lè tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọkàn mi bá wà lọ́jà.

Mo yára. Kí n má parọ́, èmi gan-an mọ̀ pé mo yára, mo sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí àlejò bá wọ yàrá wa, n óò gbójú sókè wò ó, n óò kí i, n óò béèrè àlàáfíà ilé, ìka mi kò sì ní dúró. Èyí tó dàgbà jù nínú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Tántì, kò yára bẹ́ẹ̀. Ọmọ Kétu ni, ó ti ń tẹ ìwé kí Ìyípadà tó dé, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ni ọ̀gá. Ó máa ń tẹ ojú ewé méjì, á dìde, á jáde lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, á gbọn ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ àwo, á sì padà wọlé. Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Mo tilẹ̀ sọ fún ọkọ mi nílé pé obìnrin náà ń jẹ iṣẹ́ ìjọba níyà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ṣùgbọ́n mo ti fi gbogbo ọgbọ́n ṣe tèmi.

Iṣẹ́ tó le jù nínú iṣẹ́ wa ni ti sítẹ́ńsìlì. Bébà kan ni, tí wọ́n fi ìda pa lára. A máa ń fi ẹ̀rọ lù ú kí lẹ́tà lè gé e wọnú, lẹ́yìn náà a ó wé e mọ́ ẹ̀rọ míràn tí a ń fọwọ́ yí, èyí tí yóò tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde bí a bá ṣe fẹ́ kí ó pọ̀ tó. Ẹni tó bá ń lu sítẹ́ńsìlì kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ jẹ́jẹ́ lù ú. Bí o kò bá lù ú gidi, lẹ́tà kò ní yọ. Èmi ni wọ́n sábà máa ń gbé e fún, nítorí mo yára, mo sì máa ń gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín.

Lẹ́yìn ọjọ́ ẹ̀kọ yẹn, ọyẹ́ lọ, ooru dé, ọwọ́ mi kò padà sípò. Òwúrọ̀ ló ń burú jù. N óò jí, n óò bá ọwọ́ ọ̀tún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹrù ẹlẹ́rù, n óò sì fi ọwọ́ òsì gbé e. Mo fi omi gbígbóná wọ́ ọ, mo fi òrí pa á. Ìyá Bàrìbá kan tó wà ní agbolé kejì sí tiwa, tó ń po òrí tà, rí mi níbi tí mo ti ń pa á, ó ní, “Ìyá Ọmọ, tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹta rèé.” Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi mo ní kí ló pa òrí pípò àti iṣẹ́ ìwé pọ̀? Mo tún rò pé bóyá ẹni kan ló ń ṣe ìlara ìka mi. Ojú mi tilẹ̀ lọ sára ọmọbìnrin kẹta yàrá wa, tó kéré sí mi, tí kò ṣe ju pé ó yìn mí lójú lẹ́ẹ̀mejì. N kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi mọ́. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ojú ń tì mí.

Oṣù márùn-ún ni mo fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá gbọ́, wọn yóò gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi. Mo kọ́ bí a ṣe ń wo bébà kí n lè mọ lẹ́tà tí ìka mi kò lù dáadáa, n óò sì padà lù ú. Ẹni tó bá ń bo èéfín mọ́lẹ̀, ihò imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dúdú.

Ìwé tó tú mi fó kéré, ìlà mẹ́fà péré ni. Àkókò yẹn, bíró kọ̀ọ̀kan ní oko tirẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa ro, kí ìlú lè bọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá kọ ìkéde pé ní ọjọ́ Sátidé, gbogbo òṣìṣẹ́, tọkùnrin tobìnrin, yóò lọ sí oko. Kí kálukú mú ọkọ́, àdá àti oúnjẹ ọjọ́ kan dání. Ẹni tó bá kọ̀, yóò jẹ́jọ́. Lédè Faransé, lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín oko àti bárékè àwọn ológun. *Champs* ni oko, *camps* ni bárékè. Lẹ́tà kan yẹn, ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò lọ́wọ́ ọ̀tún ló ni ín. Ìka mi lọ síbẹ̀, mo gbà pé ó lù ú, kò sì lù ú. Wọ́n tẹ ìkéde náà jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, wọ́n pín in dé gbogbo yàrá, mo sì lọ sílé mi ní àlàáfíà.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bọ́ fìlà, ó ní, “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní bíró yín? Mo rí mẹ́ta nínú àwọn ènìyàn yín ní ibùdó lónìí, wọ́n ń fi ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀kan ń sunkún.” Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Ní àdúgbò Albarika, akọ̀wé wa kan ti lọ dágbére fún àwọn àna rẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀rù ba kálukú láti béèrè, nítorí ní ayé yẹn, ẹni tó bá béèrè ìdí tí wọ́n fi ń kó òun lọ sí bárékè lè dé ibẹ̀ ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ológun fúnra wọn ló tú àṣírí náà. Ọ̀gá wọn rán ẹni kan wá béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wa pé àlejò mélòó ló ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àti pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ́ ṣe.

Lónìí, mo lè rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé ayé mi ti tán. Ìgbìmọ̀ kan wà ní bíró wa tó ń ṣọ́ Ìyípadà. Awakọ̀ ọ̀gá ni alága rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nínú mọ́tò, ọ̀gá ló ń pàṣẹ, nínú ìpàdé, awakọ̀ ló ń pàṣẹ fún ọ̀gá. Olóòótọ́ ènìyàn ni awakọ̀ náà, kì í mutí, kì í gba ẹ̀bùn, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ lára mi. Ọmọ Ìdàáṣà ni. Ó pa Faransé tì, Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ó ní kí n má baà sọ pé n kò gbọ́.

“Kámáráàdì, ta ló ní kí o kọ bárékè?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́.”

“Ọwọ́ rẹ nìkan ló kọ ọ́?”

“Ọwọ́ mi ni,” mo ní, “ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi.”

Wọ́n wo ara wọn. Mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún, n kò sì mọ bí n ó ṣe gbà á padà. Alága ní bí kì í bá ṣe èmi, kí n dárúkọ ẹni náà. Ọ̀gá tẹjú mọ́ tábìlì. Ibẹ̀ ni Tántì ti ṣílẹ̀kùn wọlé, láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó mú pín-ìnnì kan láàárín àwọn tí a fi ń so bébà pọ̀, ó ní, “Kámáráàdì alága, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan.” Ó yíjú sí mi. “Ọmọ mi, di ojú rẹ. Na ọwọ́ ọ̀tún sórí tábìlì. Ìgbàkígbà tí mo bá fọwọ́ kàn ọ́, kí o sọ.”

Mo dijú. Mo ní, “Ó kàn mí.” Ìka tó kéré jù ni. Mo dúró. Mo gbọ́ tí aago ògiri ń ró, mo gbọ́ tí ẹnì kan húkọ́. Mo rò pé Tántì ti dáwọ́ dúró, tàbí pé ó ń wá ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí mo lajú, ẹ̀jẹ̀ wà ní ibi mẹ́ta: lórí àtàǹpàkò mi, lórí ìka tó tẹ̀ lé e, lórí ìka àárín. Alága ti gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Oṣù mélòó?” Tántì bi mí.

“Márùn-ún.”

“Èmi rò pé mẹ́ta ni,” ó ní. “Mo ti ń wò ọ́.” Ó gbé pín-ìnnì náà sílẹ̀. “Lẹ́tà tí ẹ ń wá, ẹ̀yin kámáráàdì, ìka yìí ló ni ín. Ẹ ti rí ohun tó ṣe é.”

Wọn kò bi mí mọ́ pé ta ló rán mi. Ṣùgbọ́n alága kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ba ọwọ́ òṣìṣẹ́ jẹ́, ẹ̀bi ìjọba ni, ìjọba ni yóò tọ́jú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ àìsàn tó gbé wá láti ilé, ó ti mọ̀ pé ọwọ́ òun kò dára, ó sì ń fi í ṣe iṣẹ́ ìlú. Ìyẹn ní ìjìyà tirẹ̀, wọn yóò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Kí dókítà sọ fún wa,” ó ní. “Ṣé ẹ̀rọ ni, àbí kì í ṣe ẹ̀rọ?”

Báyìí ni mo ṣe gbé ìbéèrè kan lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹni gbé ẹjọ́ lọ sí kọ́ọ̀tù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ó ní kí n kọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi méjèèjì sí ara wọn, kí n tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀, kí n dúró bẹ́ẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ìjàlọ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó ṣe ìka mi rárá. “Ọrùn ọwọ́ ni. Iṣan kan wà tó ń jẹ́ kí ìka mẹ́ta yẹn mọ ohun tó bá kàn wọ́n. Ọ̀nà tóóró kan ló ń gbà kọjá níhìn-ín, òun àti àwọn iṣan tó ń ká ìka. Bí ibẹ̀ bá wú, iṣan yẹn ni yóò há.” Ó béèrè ọmọ tí mo bí kẹ́yìn. Mo ní ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Ó béèrè ẹni tó ń fọṣọ. Mo ní èmi ni. Ó béèrè ẹni tó ń gúnyán. Mo wò ó bóyá ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Ní Parakú, níbi tí ilé tí kò bá gúnyán lálẹ́ dà bí ilé tí kò sùn, ta ni ì bá tún máa gún un?

“Dókítà,” mo ní, “wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni.”

“Ẹ̀yin náà fẹ́ mọ̀?”

“Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀rọ.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Màdáàmù, bí mo bá ní ẹ̀rọ ni, n kò ní ẹ̀rí. Bí mo bá ní kì í ṣe ẹ̀rọ, n kò ní ẹ̀rí ìyẹn náà. Àwọn obìnrin tó ń po òrí àti àwọn tó lóyún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọn kò fojú kan ẹ̀rọ rí, ni mo ń rí jù tó ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dákítílò mélòó ló wà ní ìlú yìí tí n ó fi rí wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń retí.”

“Ẹ sọ fún wọn pé ara ènìyàn kì í ṣe ìpàdé. Kì í dìbò.”

Ó kọ ìwé náà, ó fi lé mi lọ́wọ́ láìlẹ ẹnu àpò ìwé rẹ̀ pa. Mo kà á lójú ọ̀nà, ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ọlọ́jà àdúgbò Zongo, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó kọ ọ́ pé iṣan kan há ní ọrùn ọwọ́. Pé oyún àti iṣẹ́ ilé lè fà á. Pé bóyá iṣẹ́ ẹ̀rọ ti dá kún un. Pé kí wọ́n má jẹ́ kí n tẹ ìwé fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ bóyá yẹn wà láàárín ìlà, ó kéré, kò tó ẹsẹ̀ eṣinṣin.

Alága ìgbìmọ̀ kò lè ka ọwọ́ dókítà. Ó ní kí a tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ìgbìmọ̀ lè rí i kà. Yàrá wa náà ni wọ́n sì gbé e padà wá. Tántì jókòó sí ẹ̀rọ, ó ní kí n máa kà á fún òun, ojú òun kò mú ìwé ọwọ́ mọ́. Mo ń kà, ó ń tẹ̀. Nígbà tí mo dé ìlà yẹn, mo ní, “Iṣẹ́ ẹ̀rọ ti dá kún un.”  Mo ti ń ṣe ìdánrawò rẹ̀ láti òwúrọ̀.

Ọwọ́ Tántì dúró. Kò wo ìwé náà, èmi ló wò. Ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ṣé bí dókítà ṣe kọ ọ́ nìyẹn?”

Mo ká etí ìwé náà.

“Ọmọ mi, lẹ́tà kan tí o kò mọ̀ pé o fò, mo bá ọ dúró níwájú wọn. Èyí tí o bá mọ̀ pé o fò, n kò ní lè bá ọ dúró.”

Omijé ló kọ́kọ́ jáde kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Mo ní, “Bóyá. Ó kọ bóyá.” Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé n kò ṣe nǹkan kan.

Wọ́n jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. A gbọ́ ohùn wọn láti yàrá wa. Àwọn kan ní bóyá túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní ó túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Níkẹyìn, alága jáde wá fúnra rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ kò lè dá ẹ̀rọ lẹ́bi, kò sì lè dá mi lẹ́bi ju ẹ̀rọ lọ. Wọn yóò gbé mi lọ sí yàrá tí a ń kó ìwé àtijọ́ sí fún oṣù mẹ́ta, n óò máa to fáìlì. Lẹ́yìn náà n óò padà. Ó fẹ́ máa lọ, ó tún yípadà. “Ìyàwó mi náà ń sọ pé ọwọ́ ń kú mọ́ òun lára,” ó ní. “Níbo ni dókítà yẹn máa ń jókòó?”

Dókítà ti ní kí n máa fi igi pẹlẹbẹ kan ti ọrùn ọwọ́ nígbà tí mo bá fẹ́ sùn, kí ó má baà ká. Káfíńtà kan ní Zongo bá mi gé e, mo fi aṣọ wé e. Ọ̀rọ̀ iyán ló kù. Mo rò pé a ó máa ra ẹ̀kọ jẹ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ mi gbé odó wọ inú yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ṣí rédíò sókè gan-an, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Ó rò pé àdúgbò kò ní mọ̀. Ní òwúrọ̀, ìyá tó ń po òrí kí mi, ó ní, “Ẹ kú iyán o. Àlejò ọkùnrin wo ló gún un fún yín? Ọwọ́ rẹ̀ wúwo.” Ọkọ mi gbọ́ ọ láti inú ilé. Láti ọjọ́ yẹn, ó gbé odó padà sí ìta, kò sì ṣí rédíò mọ́. Ó ti gbé mi níyàwó fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ọwọ́ mi sàn. Kò sàn tán, ṣùgbọ́n mo tún mọ ooru abọ́. Mo padà sí ẹ̀rọ, mo bẹ ọmọbìnrin kẹta yàrá wa pé kó má bínú, láìsọ ìdí rẹ̀ fún un, òun náà sì gbà á láìbéèrè. Mo kọ́ láti máa bá Tántì jáde lọ sí abẹ́ máńgòrò. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbọn ọwọ́ níbẹ̀ bí ẹyẹ.

Ní apá ìparí ayé Ìyípadà, lẹ́yìn tí Tántì ti fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé ọ̀dìnátẹ̀ kan wá láti Kùtọnu, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí ojú mi rí. Wọ́n fi aṣọ bò ó bí ìyàwó. Ẹni tó wá kọ́ wa ní a kò ní lu nǹkan mọ́, fífọwọ́bà lásán ni, àìsàn ọwọ́ ti di ìtàn. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Lóòótọ́ ni bọ́tìnì rẹ̀ rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bébà tí a ó yí, kò sí sítẹ́ńsìlì tí a ó yọ, kò sí ohun tó ń lé ènìyàn dìde. Mo lè jókòó láti àárọ̀ dé ọ̀sán kí n má gbé apá kúrò lójú kan. Kò pé oṣù mẹ́fà tí ìjàlọ fi dé sí ọwọ́ òsì. Ọmọbìnrin kẹta yàrá wa, tí àwa méjèèjì jọ ń pín ìjókòó náà lọ́gbọọgba, nǹkan kan kò ṣe é. Ó ti di ìyá àgbà báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣí ìdérí ìgò fún mi.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, bíró tì pa, ó sì pẹ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé bí ìdààmú yìí kò bá tilẹ̀ ní èrè kankan, n óò mọ òótọ́ nípa ọwọ́ mi: bó bá sàn nígbà tí n kò sí nídìí ẹ̀rọ, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta, oúnjẹ ti ń tán nílé. Mo lọ bá ìyá tó ń po òrí, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n máa bá òun po òrí. Láàárín oṣù kan, ọwọ́ mi burú ju bó ṣe wà ní bíró lọ. Ìyá náà wò mí níbi tí mo ti ń gbọn ọ́n, ó sún abọ́ omi gbígbóná tirẹ̀ sí àárín àwa méjèèjì.

Ọdún púpọ̀ ti kọjá. Wọ́n ti la ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n tú iṣan tó há sílẹ̀, àpá rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Tántì ti sùn, awakọ̀ ti sùn, ọkọ mi náà ti sùn. Bí mo bá jókòó, mo máa ń rò ó pé ọdún mélòó ni mo fi bi gbogbo ènìyàn bóyá ẹ̀rọ ni, tí n kò sì bi ara mi léèrè ìdí tí mo fi gbà kí ìka mẹ́ta kú mọ́ mi lọ́wọ́ fún oṣù márùn-ún, kí n lè máa jẹ́ ẹni tó yára. Ohun tó fa àìsàn lè pọ̀. Ohun tó fa ìdákẹ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ìgbéraga tó wọ ẹ̀wù ẹ̀rù.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, wá jókòó tì mí lẹ́yìn ìsìn. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. “Màmá, wọ́n ní ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ṣé kọ̀ǹpútà ló ń fà á?” Mo ní ó lè wà níbẹ̀, ó lè má wà níbẹ̀, àwọn tó gbọ́n jù mí lọ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Mo bi í ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní oṣù kẹrin rèé. Mo bi í ẹni tó ti sọ fún. Ó wo ilẹ̀.

Mo ní kí ó wá mú mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó dé ní aago méje, ó gbé mi sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, a lọ sí ilé ìwòsàn. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó wo ojú mi bóyá kí ó lọ. Mo dìde, ó sì dìde.